Àwọn ìyá ilé tó fi búrẹ́dì dá òfin dúró: kí làwa ará Òṣogbo ń ṣọ́?

ỌmọAyétòrò (Ọjọ́ Ajé, àárọ̀)

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jẹ́ ká jọ tú ọ̀rọ̀ kan wò kí ariwo ìdìbò tó bo gbogbo wa mọ́lẹ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú wa níbí, tí wọ́n bá ní ká sọ ibi tí a dúró sí, ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n ń pè ní konsafẹ́tíìfù la máa bọ́ sí. Ẹni tí kò fẹ́ kí ìjọba kánjú da ohun tó ṣì ń ṣiṣẹ́ nù, tó fẹ́ kí òbí lẹ́nu nínú ọ̀rọ̀ ilé-ìwé ọmọ rẹ̀, tó gbà pé kò yẹ kí ìjọba máa ná owó tí kò ní. Ó dáa. Kí la wá ń ṣe sí i? Láàárọ̀ a ó pe rédíò, lálẹ́ a ó ta fídíò látaré lórí WhatsApp, tó bá dọjọ́ ìdìbò, a ó dúró máa wo ẹni tó ń gba owó ọbẹ̀ lójú wa báyìí.

Mo ń ka ìtàn obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Phyllis Schlafly, ìyá ọlọ́mọ mẹ́fà tó ń gbé ní Alton, ìpínlẹ̀ Illinois. Ní oṣù kẹta ọdún 1972, ilé aṣòfin àpapọ̀ wọn fọwọ́ sí àtúnṣe òfin kan, ERA, tó ní òfin kò gbọdọ̀ fi ìyàtọ̀ sáàárín ọkùnrin àti obìnrin. Ó wá ku kí ìpínlẹ̀ 38 gbà á wọlé. Láàárín ọdún kan péré, 30 ti gbà á. Àwọn èèkàn ẹgbẹ́ òṣèlú méjèèjì wà lẹ́yìn rẹ̀. Schlafly ní òun ò gbà: wọn yóò lè fi tipátipá mú ọmọbìnrin wọ iṣẹ́ ológun, ìyá ilé yóò sì pàdánù ààbò tí òfin ń fún un. Ó dá ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ STOP ERA sílẹ̀. Àwọn wo ló kó jọ? Àwọn ìyá ilé, púpọ̀ wọn láti inú ìjọ. Wọ́n yan búrẹ́dì, wọ́n se jáàmù nílé, wọ́n gbé e tọ àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ wọn lọ. Iye ìpínlẹ̀ há sórí 35. Wọ́n sún gbèdéke láti 1979 sí 1982, kò sì dé 38 títí ọjọ́ fi pé.

Ẹ má tíì bá mi jà lórí ERA fúnra rẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ló mú mi. Wọn ò lọ jókòó sí Washington. Ọ̀dọ̀ aṣòfin kékeré tó mọ̀ pé ìbò àdúgbò kan lè dá òun padà sílé ni wọ́n lọ.

Ìbéèrè mi rèé: kí ló wà ní Òṣogbo tí ẹ fẹ́ ṣọ́, ta sì ni ẹ máa gbé búrẹ́dì tọ̀?

Alákàrà_Ìgbọ̀nà

Búrẹ́dì kẹ̀! Àkàrà gbígbóná ni tèmi, mo sì ṣe tán láti gbé e lọ. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé n ò mọ ilé káńsẹ́lọ̀ wa. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, kó júwe fún mi.

Tíṣà_Àgbà

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa tó bí ẹ ṣe rò. A ti ja irú ìjà yìí rí ní Ọ̀ṣun, lórí ilé-ìwé, ojú mi ló sì ṣe.

Ìjọba Arẹ́gbẹ́ṣọlá dé, ó ní òun fẹ́ tún ètò ẹ̀kọ́ ṣe. Kò burú. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ti di àwókù lóòótọ́, ó sì kọ́ àwọn ilé-ìwé ràgàjì tí inú èèyàn ń dùn láti wọ̀. Ṣùgbọ́n kò dúró síbẹ̀. Wọ́n sọ 6-3-3-4 di 4-5-3-4. Wọ́n da ilé-ìwé mọ́ ilé-ìwé, wọ́n yí orúkọ padà, wọ́n kó ọkùnrin sílé-ìwé obìnrin, wọ́n ní aṣọ kan náà ni gbogbo ọmọ ilé-ìwé ìjọba yóò máa wọ̀ jákèjádò ìpínlẹ̀. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ àti ìyá rẹ̀ àgbà jáde ní ilé-ìwé kan, ó dàárọ̀, orúkọ ilé-ìwé náà kò sí lára ògiri mọ́. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè.

Inú bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́. Inú bí àwọn ìjọ tó dá ilé-ìwé sílẹ̀. Wọ́n kọ lẹ́tà, wọ́n wọ́de, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ lọ sílé-ẹjọ́. Ọdún ń gorí ọdún. Ní 2020, ìjọba Oyètọ́lá dá ọ̀pọ̀ rẹ̀ padà: 6-3-3-4, orúkọ àtijọ́, aṣọ àtijọ́, ilé-ìwé obìnrin lọ́tọ̀.

Ojú tèmi ni mo fi wò ó o: kì í ṣe àwọn tó pariwo lórí rédíò ló dá a padà. Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ni. Wọ́n ti wà kí gómìnà tó dé. Wọ́n ní ìwé orúkọ, wọ́n ń dá owó, wọ́n ní ọjọ́ ìpàdé tí kì í yẹ̀, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń béèrè. Gómìnà lo ọdún mẹ́jọ, ó lọ. Ẹgbẹ́ ṣì ń ṣèpàdé.

Ẹ fi kún un pé láti nǹkan bí 2009 ni wọ́n ti yọ ẹ̀kọ́ ìtàn gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tó dá dúró kúrò nínú ètò ẹ̀kọ́ ilé-ìwé wa, ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í dá a padà. Àwọn tó dàgbà láàárín ìgbà náà ló ń dìbò báyìí. Mo béèrè lọ́wọ́ ọ̀kan nínú wọn pé kí ni Àgbẹ́kọ̀yà, ó ní orin Fújì ni.

Bàbá_Onílé

😂😂 Fújì kẹ̀! Mo ń bọ̀ wá sọ ti Àgbẹ́kọ̀yà, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dé láti mọ́sáláṣí.

Ojú_Inú

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín. Ẹ jẹ́ kí n ta ko ọ̀rọ̀ yìí díẹ̀.

Àkọ́kọ́, ẹ má fi Schlafly ṣe ìyá ilé lásán fún wa. Ó du ipò ilé aṣòfin àpapọ̀ ní 1952 àti ní 1970, ó fìdí rẹmi nígbà méjèèjì, ó sì lọ gba oyè lọ́yà lẹ́yìn náà. Ẹni tó ń sọ fáwọn obìnrin pé ilé ló dáa jù, òun fúnra rẹ̀ kì í gbélé. Èkejì, ìran tí ìṣèlú yìí ti jáde ní Amẹ́ríkà kò mọ́ tónítóní. Barry Goldwater, aṣòfin àgbà tó du ipò ààrẹ lábẹ́ Republican lọ́dún 1964, tí wọ́n ń gbé gẹ̀gẹ̀, dìbò ta ko òfin ẹ̀tọ́ aráàlú ní 1964, òfin tó ní kí wọ́n má ṣe lé aláwọ̀ dúdú kúrò ní ilé oúnjẹ àti òtẹ́ẹ̀lì mọ́. Tí ó bá jẹ́ Amẹ́ríkà la bí wa sí láyé ìgbà yẹn, wọn ì bá lé àwa náà jáde. Kí ló dé tí a ò kọ́ ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ ẹlòmíràn?

ỌmọAyétòrò

@Ojú_Inú òótọ́ lo sọ nípa 1964, n ò sì ní bò ó mọ́lẹ̀. Goldwater fúnra rẹ̀ sọ pé òun kò kórìíra aláwọ̀ dúdú, pé agbára ìjọba àpapọ̀ lórí dúkìá ẹni ni òun ń bá jà. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ń lé jáde nílé oúnjẹ kò ní fi àlàyé yẹn jẹun. Ẹ̀kọ́ nìyẹn náà: ẹni tó bá ní òun ń ṣọ́ ohun àtijọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wò ó bóyá ohun àtijọ́ ọ̀hún ń pa ẹlòmíràn lára.

Síbẹ̀ ọ̀tá ẹni náà lè mọ ọ̀nà tó yá ju tiwa lọ. N kò ní kí a mú ẹrù wọn. Mo ní kí a wo bí wọ́n ṣe rìn ín.

Alhaji_ỌjàỌba

Tíṣà_Àgbà, ẹ kú àlàyé, ṣùgbọ́n ẹ fo ibì kan.

Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹfà ọdún 2016, ilé-ẹjọ́ gíga Ọ̀ṣun dá a láre pé kí àwọn ọmọbìnrin Mùsùlùmí máa wọ híjáàbù lọ sí ilé-ìwé ìjọba. Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Baptist High School ní Ìwó: àwọn ọmọ Kristẹni kan wọ aṣọ kwáyà lọ sí kíláàsì. Gbogbo Nàìjíríà ló fi wá rẹ́rìn-ín. Àwọn ìjọ ní àwọn ń dáàbò bo ohun tí àwọn míṣọ́nnárì fi lélẹ̀. Ó yé mi. Àwa náà ń dáàbò bo ohun tí àwọn ìyá wa fi lélẹ̀. Ìjọba ló ń sanwó tíṣà láti ọdún 1975 sí 1976 tó ti gba ọ̀pọ̀ ilé-ìwé yẹn. Ta ni konsafẹ́tíìfù nínú àwa méjèèjì?

Tíṣà_Àgbà

Àwa méjèèjì ni, Alhaji. Ibi tí wàhálà wà nìyẹn.

Mo wà nínú ọgbà ilé-ìwé lásìkò yẹn. Ohun tí mo rí ni pé àwọn òbí Mùsùlùmí àti òbí Kristẹni tó ń jókòó pọ̀ nípàdé ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́, tí wọ́n jọ ń dá owó tún ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ṣe, wọ́n ti ń bá ọ̀rọ̀ náà yí díẹ̀díẹ̀ láti ìgbà pípẹ́. Ilé-ìwé kan gbà á, òmíràn kò gbà á, wọ́n sì ń fara dà á. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ kúrò lọ́wọ́ wọn, tó di ti gómìnà, ti adájọ́, ti CAN àti ti ẹgbẹ́ Mùsùlùmí, ló di ogun. N kò sọ pé kí ọmọ yín má lọ sílé-ẹjọ́. Ohun tí mò ń wí ni pé àwọn tó sún mọ́ ọ̀rọ̀ jù lọ ni wọ́n kọ́kọ́ lé kúrò níbi tí wọ́n ti ń sọ ọ́.

Alhaji_ỌjàỌba

Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n "fífara dà á" yẹn, ọmọ tiwa ló ń fara dà á jù.

Bàbá_Onílé

Mo ti dé. Ẹ gbọ́ ti Àgbẹ́kọ̀yà kí àwọn ọmọ má bàa máa jó sí i.

1968 sí 1969. Owó kòkó kò dáa, ogun ń lọ lọ́hùn-ún, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn ń gba owó orí lọ́wọ́ àgbẹ̀ bí ẹni ń já èso. Àwọn agbowó-orí á dé oko, wọn á gba adìyẹ, wọn á tú olówó orí tí kò rí san sí ìhòòhò. Wolé-wolé ń dójú ti àwọn obìnrin. Àwọn àgbẹ̀ ní ó tó gẹ́. Ní oṣù kọkànlá 1968 wọ́n ya bo Mápó ní Ìbàdàn. Ohun tí wọ́n ń wí kò ju gbólóhùn kan lọ: "Òkè mẹ́fà la ó san." Ìyẹn ni 30 ṣílè. Ọmọdé mọ̀ ọ́n, arúgbó mọ̀ ọ́n. Kò sí ìwé, kò sí kọ̀ǹpútà.

Ẹ wo ohun tó wà nínú rẹ̀. Wọn ò ní kí ìjọba má sí. Wọn ò ní àwọn ò ní san. Wọ́n ní iye báyìí ni agbára wa mọ. Lẹ́yìn tí ìjọba ti fi ìbọn dá wọn lóhùn, tí Tafa Adéoyè, olórí wọn, àti àwọn èèyàn rẹ̀ ti ya bo ẹ̀wọ̀n Agodi, Awólọ́wọ̀ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ bá wọn ní oko. Owó orí já wá sí pọ́ùn méjì, 40 ṣílè. Wọ́n béèrè òkè mẹ́fà, wọ́n rí mẹ́jọ gbà, ó sì sàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé ẹ̀gbẹ́ kejì. Ní oṣù keje 1969, wọ́n pa Ṣọ̀ún Ògbómọ̀ṣọ́, Ọba Ọlájídé, nínú rògbòdìyàn owó orí yìí. Ẹni tó bá ń sọ ìtàn Àgbẹ́kọ̀yà tó fo ibẹ̀, irọ́ ló ń pa. Àwọn tó ní àwọn ń dá ètò bàbá wọn padà ló pa ọba. Ibi tí ìbínú ń gbé èèyàn dé nìyẹn tí kò bá sí ẹni tó ń sọ pé "ó tó báyìí".

Ìyá_Aláṣọ_Alẹ́kúwódò

Ẹ̀yin ọkùnrin, ogun àti ìbọn ni tiyín ṣáá. Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò tíì dárúkọ àwọn obìnrin Ẹ̀gbá?

Funmilayo Ransome-Kuti àti àwọn ìyá ọlọ́jà Abẹ́òkúta. Láti ìparí 1947 ni wọ́n ti lọ jókòó sí iwájú ààfin Aké, wọ́n sùn síbẹ̀, wọ́n fi orin bú Aláké débi tí ẹni tó gbọ́ ò ní lè tún un kọ níwájú àna rẹ̀. Ní oṣù kìíní 1949, Ọba Adémọ́lá Kejì fi ìtẹ́ sílẹ̀. Wọ́n dáwọ́ owó orí obìnrin dúró. Ọba padà wálé níparí 1950, àmọ́ kò padà bá irú agbára tó ní tẹ́lẹ̀.

Wọ́n máa ń pe ìyá yẹn ní ajàfẹ́tọ̀ọ́ obìnrin, òótọ́ ni, àwọn kan ń pè é ní kọ́múníìsì. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹjọ́ tí àwọn obìnrin náà rò. Òyìnbó gba agbára tí Aláké, Ògbóni àti àwọn olóyè jọ ń pín, ó kó gbogbo rẹ̀ lé ọba nìkan lọ́wọ́. Àwọn obìnrin ní kò rí bẹ́ẹ̀ láyé àwọn bàbá wa, kò sígbà tí ọba dá ìlú ṣe. Lójú tèmi o, ẹjọ́ konsafẹ́tíìfù pọ́ńbélé nìyẹn. Inú òun fúnra rẹ̀ lè má dùn sí orúkọ náà.

@ỌmọAyétòrò, wọ́n kò gbé búrẹ́dì lọ. Ìjókòó ni wọ́n gbé lọ.

Ojú_Inú

Mo fara mọ́ èyí. Ìyá, ẹ ṣeun gan-an.

Ará_Houston

Ẹ kú ilé o. Ọmọ Òkè-Baálẹ̀ ni mí, Texas ni mò ń gbé. Mo wà níbí nígbà Tea Party, àwọn konsafẹ́tíìfù tó dìde ta ko gbèsè àti ìnáwó ìjọba, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí mo fojú rí àti èyí tí gbogbo ayé mọ̀.

Ní oṣù kejì 2009, oníròyìn ọrọ̀ ajé kan, Rick Santelli, bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo lórí tẹlifíṣọ̀n CNBC pé kí ló dé tí ìjọba fẹ́ fi owó wa bá aládùúgbò san gbèsè ilé rẹ̀. Láàárín oṣù díẹ̀, ìpàdé ti bẹ̀rẹ̀ káàkiri, ní ilé ìkàwé, ní ẹ̀yìn ilé ìjọsìn. Orúkọ yẹn, wọ́n mú un láti 1773, ọdún tí àwọn ará Boston da àpótí tíì 342 sínú òkun torí owó orí. Àwọn aládùúgbò mi kan wà níbẹ̀. Arúgbó obìnrin kan máa ń gbé ìwé òfin orílẹ̀-èdè kékeré sínú báàgì, yóò yọ ọ́ síta bí ẹni yọ tẹ̀sùbáà. Wọn ò burú bí tẹlifíṣọ̀n ṣe ń sọ, wọn ò sì dáa tó bí wọ́n ṣe ń sọ nípa ara wọn. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì nípa àwa àlejò tó lè mú kí ojú ẹni korò.

Iṣẹ́ wọn jẹ́. Nínú ìdìbò 2010, Republican gba ìjókòó 63 sí i nílé aṣojú-ṣòfin. Ní 2014, Eric Cantor, olórí ẹgbẹ́ tó pọ̀ jù nílé náà, pàdánù ìdìbò abẹ́lé sọ́wọ́ olùkọ́ yunifásítì kan, Dave Brat, tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Ìbò wọ́ọ̀dù ló ṣe é.

Ẹ wá wo èyí. Gbèsè ni wọ́n ní àwọn ń bá jà. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, gbèsè ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà sún mọ́ tírílíọ̀nù 11 dọ́là. Nígbà tó fi di ìbẹ̀rẹ̀ 2017, ó ti sún mọ́ 20. Àwọn tí wọ́n rán lọ ni wọ́n jókòó síbẹ̀. Ẹgbẹ́ kéékèèké ti jó àjórẹ̀yìn, àwọn tó ń fi orúkọ wọn gba ọrẹ owó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ló ṣẹ́kù. Ẹni tí mo sọ pé ó ń gbé ìwé òfin kiri yẹn kò lọ sípàdé kankan mọ́. Ó ní wọ́n ti ta àwọn.

Lọ́yà_ÒkèFìà

Àpẹẹrẹ Ará_Houston dáa, ṣùgbọ́n èyí tó kàn wá jù ni California.

Oṣù kẹfà 1978. Iye ilé ń ga, owó orí lórí ilé ń bá a ga. Arúgbó tó ti san owó ilé rẹ̀ tán ń gbé ìwé owó orí tí kò lè san. Àwọn ọkùnrin méjì, Howard Jarvis àti Paul Gann, gba ìbuwọ́lù tó lé ní mílíọ̀nù kan. Ìlú dìbò, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá 65 nínú 100 tó gbà á: owó orí ilé kò gbọdọ̀ ju ìdá 1 nínú 100 iye ilé lọ, iye tí wọ́n ń ṣírò ọ̀hún kò sì gbọdọ̀ fi ju ìdá 2 lọ lọ́dún títí wọn yóò fi tà á. Wọ́n ń pè é ní Proposition 13. Ó wà lórí ìwé títí dòní, olóṣèlú kò fẹ́rẹ̀ẹ́ lè fọwọ́ kàn án.

Ibi tó ti dùn mí gẹ́gẹ́ bí amòfin: owó orí ilé yìí ni àwọn ìjọba ìbílẹ̀ àti ìgbìmọ̀ ilé-ìwé wọn fi ń jẹun. Nígbà tó já, àwọn ni wọ́n sáré lọ tọrọ ní olú-ìlú ìpínlẹ̀, ní Sacramento. Àwọn tó ní àwọn fẹ́ ìjọba tó sún mọ́ ìlẹ̀kùn wọn fọwọ́ ara wọn gbé agbára lọ síbi tó jìnnà.

Ẹ ò rí i pé ó jọ tiwa? Fún ọ̀pọ̀ ọdún, owó ìjọba ìbílẹ̀ ń gba àpò àjùmọ̀ni kọjá lọ́dọ̀ ìpínlẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje 2024, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní kí wọ́n máa san án tààrà fún ìjọba ìbílẹ̀. A jó, a yọ̀. Ní oṣù kejì 2025, ìjà bẹ́ sílẹ̀ lórí ẹni tó yẹ kó jókòó sí káńsù ní Ọ̀ṣun, ẹ̀mí ṣòfò, wọ́n sì di owó náà mú ní Àbújá. Ìpínlẹ̀ di òkè, Àbújá di òkè tó ga jù ú. Gọ́tà iwájú ilé mi kò mọ èwo ni òfin.

Ohun tí ọwọ́ ará ìlú lè tó nìyí, kì í ṣe àlá. Òfin òmìnira ìwífún wà láti 2011. Kọ lẹ́tà sí iléeṣẹ́ ìjọba, béèrè ìwé ìṣúná tàbí ìwé àdéhùn iṣẹ́, kò pọn dandan kó o sọ ìdí tí o fi fẹ́ ẹ, ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti dá ọ lóhùn. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ti sọ ní 2025 pé òfin náà kan gbogbo ìpínlẹ̀, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ fún yín pé ti Àbújá nìkan ni. Tí wọn ò bá dáhùn, ilé-ẹjọ́ ni. Ẹni kan ṣoṣo á rẹ̀ ẹ́. Ogún onílé tó jọ buwọ́ lùwé, ó ṣòro kí wọ́n jù ú sínú apẹ̀rẹ̀.

Alákàrà_Ìgbọ̀nà

Lọ́yà, ṣé èmi tí n kò kàwé púpọ̀ lè kọ ọ́ ní Yorùbá?

Lọ́yà_ÒkèFìà

Ẹ sọ ọ́ fún òṣìṣẹ́ ibẹ̀ lẹ́nu, ìyá. Òfin náà ní òun ló máa kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín.

Ọmọ_Ìsàlẹ̀Ọ̀ṣun

Amẹ́ríkà, Abẹ́òkúta, Ìbàdàn. Ṣé Òṣogbo ò ní tirẹ̀ ni?

Igbó Ọ̀ṣun. Láàárín ọdún 1950 sí 1960, ojúbọ ń wó, agégi ń wọlé, apẹja ń wọ inú odò tí a kì í pẹja nínú rẹ̀, wọ́n ti ń wo ilẹ̀ ibẹ̀ fún títà. Ta ló dá a dúró? Ìjọba kọ́ ni ó kọ́kọ́ dé. Àwọn olùbọ Ọ̀ṣun ni, àti bíríkìlà bíi Adébísí Akànjí, àti àwọn agbẹ́gilére, tí Susanne Wenger, ọmọ Austria tí à ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, kó jọ. Wọ́n mọ ère ràgàjì sí ẹ̀bá ọ̀nà, wọ́n mọ ògiri, wọ́n dúró níwájú agégi. Lẹ́yìn èyí ni ìjọba sọ apá kan di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1965, UNESCO sì fi í sínú ìwé ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2005. Ó tó hẹ́kítà 75 igbó tó ṣì dúró láàárín ìlú, ẹ lọ wo ohun tó kù nínú igbó àwọn ìlú mìíràn.

Ẹni tó ní sìmẹ́ńtì lọ́wọ́ tó mọ̀ ọ́n mọ ló ṣọ́ ìlú. Kò sọ̀rọ̀ lórí rédíò.

Alhaji_ỌjàỌba

Ẹ forí jìn mí, n kò ní fi ojúbọ òrìṣà ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn ọmọ mi.

Ọmọ_Ìsàlẹ̀Ọ̀ṣun

Alhaji, ẹnikẹ́ni ò ní kí ẹ wá bọ ọ́. Omi odò yẹn ń gba iwájú ilé ẹ̀yin náà kọjá. Ìdọ̀tí tí àwọn tó ń wa góòlù ní apá Ìjẹ̀ṣà dà sínú rẹ̀, tó sọ omi di pupa, kò béèrè ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni.

Alhaji_ỌjàỌba

Ti omi yẹn, mo bá yín lọ. Mo máa buwọ́ lu ti omi.

ỌmọAyétòrò

Ẹ wò ó, ọ̀rọ̀ ti ń rí ìdí jókòó.

Kí n fi òǹkà kan sílẹ̀ fún àwọn tó ní ìbò wọn ò já mọ́ nǹkan. Ọjọ́ 22 oṣù kẹsàn-án 2018, nínú ìdìbò gómìnà, Adélékè fi ìbò 353 ṣáájú Oyètọ́lá, INEC ní kò tíì parí. Wọ́n tún un dì ní ibùdó ìdìbò méje péré, Oyètọ́lá fi 482 wọlé, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ sì fọwọ́ sí i ní 2019. Wọ́ọ̀dù 332 ló wà ní Ọ̀ṣun. Ẹ pín 482 sí i: kò tó èèyàn méjì ní wọ́ọ̀dù kan. Ní 2022 tí Adélékè wá fi 403,371 borí 375,027, àwọn tó forúkọ sílẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 1.9. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn jókòó sílé.

Ojú_Inú

Tàbí wọ́n jókòó sílé torí wọ́n mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ibùdó méje yẹn. Ẹ má dá gbogbo ẹ̀bi lé ará ìlú lórí.

ỌmọAyétòrò

Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó sílé kò lè jẹ́rìí sí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ibùdó.

Ohun tí mo gbà nínú gbogbo àlàyé yìí: ìyá Ẹ̀gbá, Àgbẹ́kọ̀yà, Schlafly, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, gbogbo wọn ní ohun kan tí wọ́n lè dárúkọ, iye kan tàbí orúkọ kan tàbí òfin kan. Tea Party bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó wá di ìbínú sí gbogbo nǹkan, olóṣèlú sì mọ bí wọ́n ti í gun ìbínú. Àwa ńkọ́? "Ká dá àṣà wa padà" kò ní àdírẹ́sì. Ẹ mú ohun kan.

Bàbá_Onílé

Ìpàdé lándílọ́ọ̀dù wa ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀. Mo dábàá odò. Alhaji buwọ́ lù ú, ọmọ Ọ̀ṣun buwọ́ lù ú, tíṣà buwọ́ lù ú. Ká kọ lẹ́tà béèrè ìwé àyẹ̀wò omi tí ìjọba ṣe àti orúkọ àwọn tí wọ́n fún ní ìwé àṣẹ ìwakùsà lókè odò. Kò sí orúkọ ẹgbẹ́ òṣèlú lórí rẹ̀. Olóṣèlú tó bá wá ní kí òun gbé e fún wa, kó fún wa ní owó fọ́tókọ́pì, kó máa lọ.

Tíṣà_Àgbà

Mo fẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilé-ìwé ni o. Ọmọ ò rí àga jókòó.

Ìyá_Aláṣọ_Alẹ́kúwódò

Tíṣà, ẹ jẹ́ ká fi odò ṣe àkọ́kọ́. Tí a bá dà á pọ̀, wọ́n á dáhùn èyí tó rọrùn, wọ́n á fi èkejì sílẹ̀. Ta ló máa kọ lẹ́tà?

Lọ́yà_ÒkèFìà

Èmi á kọ ọ́, n ò ní gba kọ́bọ̀. Ìwé àṣẹ ìwakùsà ọwọ́ ìjọba àpapọ̀ ló wà, nítorí náà lẹ́tà méjì ni yóò jẹ́: ọ̀kan sí ìpínlẹ̀ ní Abẹ́rẹ́ lórí omi, ọ̀kan sí Àbújá lórí ìwakùsà. Kí ẹni tó bá máa buwọ́ lù ú mú orúkọ ní kíkún àti nọ́ńbà ojúlé wá. Inagijẹ orí ayélujára kò ní wọlé.

Alákàrà_Ìgbọ̀nà

Aago mélòó? Ẹ má fi sí àkókò ìrun Àsárì, ẹ má sì fi sí àkókò tí ṣọ́ọ̀ṣì kò tíì jáde.

Bàbá_Onílé

Aago méjì ọ̀sán. Ẹ mú àga tiyín dání, mẹ́wàá péré la ní.